Ẹ̀rọ Omi Tí Kò Sí Nínú Yàrá Aránwèé

Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì ilé ìkàwé ìlú wa lọ́wọ́, ẹ̀yin nìkan ni mo kọ èyí sí. Mo fi orí yín bẹ̀ yín, ẹ kà á níbi tí ojú kejì kò sí, ẹ má kà á sókè, ẹ má sì jẹ́ kí ó dé etí ẹni tí kò kàn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Arúgbó aránbàtà ni mí. Ibi tí mo ń jókòó ṣiṣẹ́ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé náà, àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlú ni mo sì fi ń jókòó níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá di ohun tí wọ́n ń sọ ní ìta gbangba, n kò mọ ibi tí n óò gbé àpótí irinṣẹ́ mi lọ.

Aránwèé ti kú. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe nọ́ńbà mọ́kànlá. Ikọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà kò sọ ibi tí ikọ́ ti wá, nítorí náà èmi yóò sọ ọ́. Inú yàrá abẹ́ ilé ìkàwé ni ó ti wá, yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ògiri rẹ̀ ń rin tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi jókòó níbẹ̀, tí ó ń rán ẹ̀yìn ìwé tí àwa ará ìlú ń fà ya, tí ó sì ń fa eruku wọn símú.

Lẹ́tà mọ́kànlá ni ó kọ láti tọrọ fèrèsé kan ṣoṣo. Mo mọ iye wọn, nítorí pé ó máa ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mi létí kí ó tó gbé e lọ sókè. Ìdáhùn kan náà ni ọ̀gá ilé ìkàwé ń fún un: "Ó wà nínú fáìlì." Títí a fi sọ ọ̀gá náà ní Ó-Wà-Nínú-Fáìlì láàárín ara wa. Nígbà tí ó kọ lẹ́tà kọkànlá, ó ní kí n fi ọwọ́ sí i nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó rí yàrá náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n," ó sì ká lẹ́tà náà. Láti ọjọ́ tí ó ti kú ni "kò burú" yẹn ti ń burú sí i lọ́kàn mi.

Àwa mẹ́fà ni a tẹ̀ lé òkú rẹ̀. Ilé ìkàwé kò ti ilẹ̀kùn fún wákàtí kan. Mo lọ wo pátákó ìkéde wọn ní ọjọ́ kejì, bóyá wọ́n á ti lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀: ẹ má pariwo; ẹ má jẹun; ẹ wá bá wa ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ǹjẹ́ ẹni tí ó rán ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ wọn kò tó ẹni tí à ń fi bébà kékeré kan kéde?

Kí ẹ tó bínú bí mo ṣe ń bínú, ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí ó jẹ́. Òwú ni ó mú wa pàdé. Ó jáde wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ìkàwé ní ọjọ́ kan, ó na ìka sí òwú tí mo ti fi ìda pa.

"Ẹ̀gbọ́n, òwú tí ẹ fi ń rán bàtà àwọn ọmọ ilé ìwé yìí, ṣé ó lè gbé ìwé ró?"

"Bí ó bá gbé ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ró, ìwé tó jókòó jẹ́ẹ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò mọ ìwà àwọn òǹkàwé wa. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù sàn jù wọ́n lọ."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá a gé òwú àti ìrépé awọ. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Àwọn kan sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n sọ nítorí ìyẹn. Wọ́n béèrè ohun tí aránbàtà ń wá lọ́dọ̀ aránwèé. Ìwé ni mo ń wá, ẹ̀yin ènìyàn mi. N kò mọ̀ ọ́n kà nígbà náà. Ní ọjọ́ kan ó tú ìwé àtijọ́ kan palẹ̀ láti tún un rán, ó ní kí n bá òun to àwọn abala rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Mo ní ojú mi fọ́ sí ìwé.

"Ṣé ẹ mọ nọ́ńbà bàtà?"

"Ta ni kò mọ nọ́ńbà bàtà?"

"Ó parí. Nọ́ńbà wà nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ tò ó bí ẹni ń to bàtà sórí pẹpẹ."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè nọ́ńbà, lẹ́yìn náà gbogbo ojú ewé. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kà tán, apá ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kà, nítorí pé apá yẹn ni gúlù tí a fi lẹ̀ ẹ́ kọ́kọ́ gbẹ. Ẹni tó kú ní ojú ewé igba ṣì ń gbéyàwó ní ojú ewé ogójì. Mo bá a sọ ọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó gbéyàwó náà. Ẹ má tíì sọ fún un."

Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn ilé ìkàwé wa. Ìwé ogójì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ó ní àgádágodo, nínú yàrá kan lókè ilé àwọn panápaná. Opó kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà ni ó kó wọn kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń di kọ́kọ́rọ́ mú ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí agogo iná bá dún, àwọn òǹkàwé á dì mọ́ ògiri kí àwọn panápaná lè sáré kọjá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án ni ìgbìmọ̀ ìlú tó kọ́ ilé tí à ń wò yìí. Aránwèé kò hùmọ̀ ìtàn yìí. Ó wà nínú àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ńlá, méje ni wọ́n, níbi tí wọ́n ń kọ gbogbo ìwé tó bá wọlé sí lẹ́sẹẹsẹ: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tó dé, ẹni tó fi ta wá lọ́rẹ. Ìwé tó bá kú, wọ́n á fi yíǹkì pupa fa ilà lé e, wọ́n á kọ ohun tó pa á. Yàrá Aránwèé ni méjèèje wà, nítorí pé kò sí ìwé tó lè kú kí ó má kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀, Ó-Wà-Nínú-Fáìlì sọ̀kalẹ̀ wá, ó gbé ẹ̀kẹfà lọ. Ó ní àwọn tó ń kọ ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ̀kẹfà nìkan?" ni mo bi Aránwèé.

"Ẹ̀kẹfà nìkan, ẹ̀gbọ́n. Opó oníkọ́kọ́rọ́ wà nínú èkínní. Wọn ò béèrè èkínní."

Èmi àti òun wo ara wa. Ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún wo ni kò nílò ọdún àkọ́kọ́?

Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni ìtàn náà jáde. Bébà rẹ̀ ń dán bí ojú dígí. Ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àwòrán alága ìgbìmọ̀ ìlú mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. Àwòrán àga tí alága kan jókòó lé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Opó náà kò sí níbẹ̀. "Àwọn aláàánú kan" ni wọ́n pè é. Mo ti ń dúpẹ́ pé wọn kò tilẹ̀ mẹ́nu kan Aránwèé, kí n tó dé ojú ewé kọkànléláàádọ́ta. Gbólóhùn kan ni. Mo kọ ọ́ síbí bí ó ṣe wà:

"Ní ọdún méje sẹ́yìn, nítorí àìbìkítà òṣìṣẹ́ atúnwèéṣe kan tí ó fi ẹ̀rọ omi sílẹ̀ ní ṣíṣí nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ̀ẹ́dógún ìwé bàjẹ́ kọjá àtúnṣe."

Ẹ tún un kà. Ẹni tó kọ ọ́ dúró kí obìnrin náà kú kí ó tó kọ ọ́. Ṣé ó rò pé òkú kò ní aládùúgbò ni?

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tí ó ń ránṣọ ní òpin òpópónà wa. Ó ti rí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dákẹ́, aṣọ aláṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Bàbá, wọ́n ní gbogbo ilé ìwé ni wọ́n máa pín in fún. Ọmọ mi wà ní kíláàsì kẹrin. Lọ́jọ́ kan tíṣà á ní kó dìde kà á sókè."

"Wọn ò kọ orúkọ ìyá rẹ síbẹ̀."

"Aránwèé mélòó ni ìlú yìí ní, Bàbá?"

Ó nu ojú, ó ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé màmá mi ló fi omi pa ìwé wọ̀nyẹn?"

Mo ní, "Ìyá rẹ tó gbé aṣọ ìnura yín lọ fi nu ìwé gbẹ, tí ẹ̀yin ọmọ ń fi aṣọ àná nu ara?"

Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó rántí.

Òótọ́ ni mo sọ fún un, òun náà ni mo sì ń sọ fún yín. Lóòótọ́ ni omi wọlé ní ọdún méje sẹ́yìn. Omi òjò ni. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé ló dí, Aránwèé ti kọ ọ́ sínú méjì nínú lẹ́tà rẹ̀. Ìwé tó rin kò ju igba ó lé méjìlá lọ. Ó so okùn káàkiri yàrá náà bí ẹni tó fọṣọ, ó fi oṣù mẹ́rìnlá sá wọn gbẹ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Méjìdínlógún péré ló kú. Mo rí ilà pupa méjìdínlógún náà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀kẹfà, kí wọ́n tó gbé e lọ. Báwo ni méjìdínlógún ṣe di ẹgbẹ̀ẹ́dógún?

Ní ti ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ omi wo? Kò sí ẹ̀rọ omi nínú yàrá yẹn rí. Báàkẹ́tì ni ó fi ń pọn omi tó fi ń po gúlù rẹ̀ láti ilé ìwẹ̀ òkè, àtẹ̀gùn méjìlélógún. Èmi gan-an ti gbé báàkẹ́tì náà rí, orúnkún mi kò tíì gbàgbé.

Mo ní láti fi ojú ara mi wò ó. Bàtà ọ̀gá wà lọ́wọ́ mi fún àtúnṣe, mo tètè parí rẹ̀, mo gbé e lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ó tètè yá o."

"Ọ̀gá, mo ní abẹ́rẹ́ ńlá kan tí olóògbé yá lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ lọ mú un nísàlẹ̀."

Ó wo aago rẹ̀. "Ẹ yára. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

Wọ́n ti kun yàrá náà ní funfun. Okùn ti lọ, tábìlì nìkan ló kù. Ní ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó máa ń jókòó sí, mo rí ẹ̀rọ omi kan. Ó ń dán. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò tíì gba àwọ̀ ògiri. Mo yí i sápá òsì, mo yí i sápá ọ̀tún. Omi kò sun. Mo yọjú sí ẹ̀yìn ògiri náà, níbi àtẹ̀gùn: kò sí páìpù tó wọ inú rẹ̀. Kò sí ihò tí omi ìbá gbà jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ra ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lásán, bí ẹni lẹ àwòrán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi gbé ayé nínú yàrá tí kò ní omi. Ó kú tán ni wọ́n tó fa ẹ̀rọ fún un, kí wọ́n lè sọ pé òun ló ṣí i sílẹ̀. Ta ló sọ pé ìgbìmọ̀ ìlú wa kì í ṣe iṣẹ́? Fèrèsé ni wọn kò ráyè ṣe.

Mo gòkè padà.

"Ọ̀gá, ìgbà wo ni wọ́n fa omi sísàlẹ̀?"

Bàtà rẹ̀ ni ó ń wò. "Omi ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Ó dára. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀kẹfà ńkọ́? Èmi àti olóògbé jọ..."

"Kí ni aránbàtà fẹ́ fi ìyẹn ṣe, Bàbá?"

"Kí n kàn fi ojú kàn án ni."

"Ó wà nínú fáìlì."

Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tí ó tún pè mí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Bàbá, ibi tí ẹ jókòó sí níta yẹn, ṣé àṣẹ rẹ̀ ṣì dúró?"

Mo ní ó ṣì dúró. Mo lọ sílé. Bóyá ǹ bá dákẹ́ níbẹ̀, bí kì í bá ṣe eyín.

Eyín ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà eléyín tuntun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì. Bí mo ṣe jókòó pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, mo rí kọ́bọ́ọ̀dù onídígí kan, ìwé kún inú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ ewé, mo rí ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ awọ búráùn. Mo mọ awọ náà. Bàtà ọlọ́pàá kan ni, tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbà. Èmi ni mo gé e, tí mo fún Aránwèé.

Mo bẹ ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí."

"Bàbá, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í kà wọ́n."

"N kò fẹ́ kà á. Awọ rẹ̀ ni mo fẹ́ wò."

"Ẹ̀yin àgbà yìí! Eyín ń dùn yín, awọ lẹ ń yẹ̀ wò." Ó ṣí i fún mi.

Wọ́n ti ya ojú ewé àkọ́kọ́ kúrò, èyí tí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé máa ń wà. Wọ́n gbọ́n. Ṣùgbọ́n Aránwèé ní àṣà kan tí ẹni tí kì í ránwèé kò lè mọ̀: òwú pupa ni ó fi ń rán abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ní àárín abala tó gbẹ̀yìn, yóò sì fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tí ó parí iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ṣí ibẹ̀. Òwú pupa náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ó kọ síbẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn òjò náà. Bí ìwé yìí bá wà nínú àwọn tó "bàjẹ́ kọjá àtúnṣe", ta ni Aránwèé ń tọ́jú lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, òkú? Bí kò bá sì sí nínú wọn, kí ni ó ń wá nínú dígí eléyín?

"Ta ló fún dókítà ní ìwé wọ̀nyí?"

"Alága ìgbìmọ̀ ìlú ni. Páálí mẹ́rin, lọ́jọ́ tí a ṣí ilé ìtọ́jú yìí. Wọ́n ní ilé alága náà kún fún un." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé nǹkan kan ṣe wọ́n ni, Bàbá?"

Mo ní kò sí nǹkan. Mo tún wo mẹ́ta sí i, òwú pupa wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo dá wọn padà síbi tí mo ti mú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí lólè. Mo jáde láìrí dókítà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì, ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, ìgbìmọ̀ ìlú yóò jókòó ní gbangba láti fi ìwé ìtàn náà lélẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá na káàdì rẹ̀ sókè ni òfin fún láyè láti béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ na káàdì yín sókè. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀kẹfà síwájú gbogbo ènìyàn, kí a ka ilà pupa inú rẹ̀. Ẹ ní kí alága sọ ibi tí ó ti rí páálí mẹ́rin, àti iye páálí tó kù nílé. Ẹ ní kí gbogbo ìgbìmọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, kí alága fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹ̀rọ omi náà, kí a jọ dúró kí omi ó dé. Kí wọ́n má pín ẹ̀dà kan fún ilé ìwé kankan títí ojú ewé kọkànléláàádọ́ta yóò fi kúrò, tí orúkọ Aránwèé àti ohun tí ó ṣe yóò fi gba ipò rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó wà nínú fáìlì, ẹ ní kí wọ́n gbé fáìlì wá; lẹ́tà mọ́kànlá wà nínú rẹ̀.

Èmi náà yóò wà níbẹ̀. N kò lè ṣèlérí pé ohùn mi yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá béèrè ẹni tó rí yàrá náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, n óò dìde, bí wọ́n fẹ́ kí wọ́n gba ibi ìjókòó mi lọ́jọ́ kejì.

Ẹ há ìbéèrè wọ̀nyí sórí, kí ẹ sì dáná sun ojú ewé yìí. Mo mọ̀ pé Aránwèé kò sun bébà kan rí láyé rẹ̀, yóò sì bá mi jà bí ó bá gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ilé tó wà nílùú yìí ló ti gba tíkẹ́ẹ̀tì bàtà tí mo fọwọ́ ara mi kọ lọ́wọ́ mi, wọ́n mọ ìkọ̀wé mi ju ojú mi lọ. Ẹ sun ún kí ó jóná tán. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ bàtà yín, kí ẹ máa bọ̀.